Pákó Méjìlá

Wọ́n fún mi ní bírò pupa kan àti ìwé onílà.
Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ físíìsì jù nínú wa."
Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì;
ohun tí mo mọ̀ jù báyìí ni bí orúnkún ṣe ń dunni.

Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ni, ní Kàbà.
Eruku ọyẹ́ bo tábìlì, mo fi ìka kọ nọ́ńbà sí i:
mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ènìyàn mẹ́rin ló nawọ́.
Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kó o lọ.

Ọmọ Lọ́kọ́jà ló kọ́kọ́ dìde, kóòtù rẹ̀ ń dán.
Ó ní ká pa fáànù.
Ó ju ẹyẹ onírin kan sókè, ó ń kùn bí agbọ́n,
ó yí orí wa ká, ó ka iye wa sórí fóònù: mẹ́rìnlá.
Àwa mẹ́tàlá la wà níbẹ̀.
"Yóò máa ka màlúù tó bá wọ oko," ló wí.
Alága ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀,
kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ó pàtẹ́wọ́.

Jémirìn, wẹ́dà láti Ìsánlú, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó da kajú sẹ́nu ẹ̀rọ, ó yí i.
Mẹ́wàá wọlé. Mẹ́fà jáde ní odidi, mẹ́rin fọ́.
"Ẹ fún mi lówó, yóò di mẹ́jọ."
Ó jókòó.

Ẹ̀kẹta ní fóònù tòun yóò máa sọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀
fún àgbẹ̀, ní Owé, ní Ìyàgbà, ní Bùnú.
Ó tẹ̀ ẹ́. A dúró. A tún dúró.
Ó jáde lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lábẹ́ igi máńgòrò.

Ìgbà náà ni Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ Ògìdì,
gbé àpò sìmẹ́ńtì wọlé.
Ó to pákó méjìlá sílẹ̀ níwájú wa.
Ó ní epo inú èèpo kajú lòun fi kùn wọ́n,
epo kan náà tó ń bó ìka ìyá òun láti ọjọ́ pípẹ́,
tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ báńkì kò fi dá ìka náà mọ̀ mọ́.
Ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́bàá òkìtì ikán, oṣù mẹ́fà gbáko.
Ikán jẹ méje. Kò fẹnu kan márùn-ún.

"Kí ló dé tó fi jẹ méje?"
"Mi ò mọ̀, sà."
"Epo kan náà?" "Epo kan náà."
"Ọjọ́ kan náà?" "Ọjọ́ kan náà."
"Ta wá ni yóò ra ohun tí ìwọ alára kò mọ̀?"
Ó wo pákó rẹ̀.
"Ohun tí mo fẹ́ fi owó náà wá nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù ti mọ ìdáhùn
kí wọ́n tó kúrò nílé wọn;
bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lórí ìwé wa, gàdàgbà, ni ÌWÁDÌÍ.
Ẹni tó ti rí nǹkan, kí ló tún ń wá?
Mo fẹ́ sọ ọ́. Ìrẹsì dé.
Mo jẹ ẹran tèmi tán kí n tó rántí pé mi ò tíì sọ ọ́.

Ẹyẹ onírin gba ọgọ́rin máàkì ó lé kan.
Jémirìn, ọgọ́rin. Máàkì kan péré!
Ti ọmọ Ògìdì, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Mo bá a dé gárèjì. Mo tọrọ pákó méjì,
ọ̀kan tí wọ́n jẹ, ọ̀kan tí wọn ò jẹ.
Wọ́n wà lójú fèrèsé mi títí di ìsinsìnyí.
Lánàá mo fi awò àfisọ́jú méjì lé ara wọn, mo wò ó:
ìlà ara wọn kò bára mu.
Mo pè é. "Ṣé igi kan náà ni gbogbo wọn?"
Ó dákẹ́ pẹ́, débi tí mo rò pé owó ti tán lórí fóònù mi.
"Ẹ dúró, sà," ló wí,
"ẹ jẹ́ kí n wá bírò."